Àáró Nínú Ilé Olú

Mo ti gbin olú kan rí tó jẹ́ pé èèyàn márùn-ún láti orílẹ̀-èdè márùn-ún ló sá sábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò ká wa mọ́ ìta, omi kò sì kan ẹnikẹ́ni létí. Páólò, tó ga bí òpó iná, kò tilẹ̀ tẹ orí ba. Nígbà tí òjò dá, a gé díẹ̀ nínú rẹ̀ fi se ọbẹ̀, a fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn aládùúgbò kí wọ́n máa gbé mọ́tò sábẹ́ rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹ̀rí, kó má bínú, a ti jẹ ẹ́ tán.

Ṣùgbọ́n olú wẹ́wẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ dá lé.

Ní abúlé wa lẹ́yìn Akanran, ẹnikẹ́ni kì í gbin olú. Olú ló ń hù fúnra rẹ̀. Òjò á rọ̀, oòrùn á ràn lé e, ẹni tí orí bá ṣe ní rere á bá a nídìí ògán tàbí lára ọ̀pẹ tó ti wó, á yára ká a kí ẹlòmíì tó jí. Ìyá tó bí bàbá mi máa ń sọ pé ẹni tó bá nàka sí olú kó tó ká a, kò ní bá òmíràn níbẹ̀ mọ́ títí ayé. Ohun tí mo mọ̀ nípa olú nìyẹn títí mo fi dé ilẹ̀ Áyálàǹdì, tí wọ́n mú mi wọ ilé gígùn kan tí kò ní fèrèsé. Inú rẹ̀ tutù, ó ṣókùnkùn díẹ̀, wọ́n sì to pẹpẹ lé ara wọn bíi bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ ilé ìwé. Lórí gbogbo pẹpẹ náà, nǹkan funfun roboto roboto. Mo rò pé ẹyin ni. Wọ́n ní olú ni, pé wọ́n gbìn ín. Mo tún béèrè. Wọ́n ní wọ́n gbìn ín, àwọn sì ń já a lójoojúmọ́, òjò rọ̀ o, òjò ò rọ̀ o.

Lọ́jọ́ náà ni mo pe Ìyá Ràṣídì, aya mi, lórí wasáàpù, mo ròyìn fún un. Ó wá ní, “Bàbá Ràṣídì, ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò tíì pẹ́ níbẹ̀ tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.” Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ obìnrin yìí ni mo ti ń parọ́ fún un, ó sì ń gbà á. Ọjọ́ tí mo sọ òtítọ́ ni kò gbà.

Bí mo ṣe débẹ̀, ẹ má jẹ́ kó yọ yín lẹ́nu. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ìwé mi kò pọ̀: mo ka ìwé mẹ́fà tán, mo wọ ilé ìwé módà, módà sì jáde lára mi kó tó pé ọdún. Iṣẹ́ tí ẹni tí ìwé rẹ̀ mọ níwọ̀n bẹ́ẹ̀ máa ń rí ni wọ́n fún mi, iṣẹ́ ilé ajílẹ̀. Olú tí wọ́n ń gbìn yìí, orí koríko gbígbẹ àti ìgbẹ́ adìyẹ ló ń hù, wọ́n á pò ó pọ̀, wọ́n á jẹ́ kó rà. Èmi ni mo ń fi ṣọ́bìrì yí i. Òórùn rẹ̀ le débi pé ẹyẹ tó bá ń fò bọ̀ lókè á yà gba ọ̀nà míì. Òórùn mọ́ mi lára. Eruku rẹ̀ ni kò mọ́ àyà mi lára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, n kò sì lè dá a dúró, títí dókítà fi ya fọ́tò inú àyà mi, ó gbé e síbi iná, ó sì ní bí mo bá tún padà sínú ilé náà, mi ò ní dàgbà ju bí mo ṣe wà yìí lọ.

Dẹ́kílàn ló ni oko náà, àkọ́bí mi jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà, ó mú mi kúrò nídìí ajílẹ̀, ó fi mí ṣe olórí àwọn tó ń já olú ní yàrá kẹta. Kì í ṣe pé mo mọ iṣẹ́ náà. Àwọn ará yàrá yẹn ti lé gbogbo olórí tó wà ṣáájú mi lọ, ó wá rò pé bóyá irun funfun á mú wọn dákẹ́. Ó sọ ọ́ fún mi láìfi bọpo bọyọ̀. Ilé ìtajà ńlá kan ń bọ̀ wá kó ẹrù lọ́jọ́ Sátidé tó kẹ́yìn oṣù náà. Bí àwọn èèyàn yìí bá lè ṣiṣẹ́ pọ̀ títí di ọjọ́ náà, mo dúró. Bí wọn kò bá lè ṣe é, òun á pín wọn sí àwọn yàrá yòókù, kò sì sí àyè míì tí òun lè fi mí sí àfi ìdí ajílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má fojú ẹni tó ń lé oyè wò mí. Èémí ni mo ń lé.

Àwọn mẹ́rin ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́. Rásà wá láti Lithuéníà, obìnrin olójú líle, eegun ńlá, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ máa ń jáde ní gbọnrangandan. Jósì jẹ́ ará Fílípìnì, ó kéré bí ẹyẹ ẹ̀ga, ó sì ń pè mí ní Tátáì, ìyẹn ni bàbá lédè wọn. Páólò tí mo ti dárúkọ, ará Bùràsíìlì ni, kò lè bá èèyàn sọ̀rọ̀ láìdi èjìká onítọ̀hún mú. Yọ̀nẹ́lì wá láti Románíà, bíi pé wọ́n ń ta ọ̀rọ̀ fún un ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo wọlé bí ọmọlúàbí. A kì í bá èèyàn nídìí iṣẹ́ ká kọjá láìkí i. Ṣùgbọ́n “ẹ kú iṣẹ́” kò ní ìkejì lẹ́nu òyìnbó, mo bá sọ fún Rásà pé ó ṣeun, ó káre. Ó wò mí. “N ò tíì ṣe nǹkan kan,” ló wí. “Kí ló dé tó o fi ń yìn mí?” Mo yí sí Yọ̀nẹ́lì, òun ki ẹ̀rọ orin bọ etí.

Kíkọ́ ni mo wá ń kọ́ wọn bí ẹni ń kọ́ kéú. Bí Jósì bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kò tíì gbà, ojú àgbà ló ń wò. Bí Rásà bá ní rárá, kò tíì kọ̀, ó fẹ́ kí o ṣàlàyé sí i ni. Bí Páólò bá ní òun ń bọ̀, ó ń bọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bíbọ̀ rẹ̀ gùn bíi ti ará ilé wa tó ń lọ sí ọjà Ṣáṣá tó ní òun máa tètè dé. Bí inú bá ń bí Yọ̀nẹ́lì, kì í wí nǹkan kan, olú tó ń já ló máa ń yára sí i. Èmi náà ní àléébù tèmi lójú wọn. Dẹ́kílàn rò pé mo ń fi nǹkan pamọ́ nítorí n kì í wò ó lójú bó bá ń bá mi sọ̀rọ̀. Ta ni yóò wo ọ̀gá rẹ̀ lójú kòrókòró? Ìgbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó, mo tẹjú mọ́ ọn débi pé ó bi mí bóyá ara mi kò yá.

Òtútù ibẹ̀ kọ́ ló dùn mí jù. Mo mọ òtútù, mo ti sùn sóko nígbà ọyẹ́. Ohun tó dùn mí ni pé kò sí ẹni tó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ní abúlé, n kò lè kọjá lójúde Lámídì, ọ̀rẹ́ mi àtikékeré, kó má sọ nǹkan kan nípa bí mo ṣe ń rìn. Bí mo bá ra fìlà tuntun, ó di kí n gba ẹ̀yìnkùlé. Níbí, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún mi bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àga ògbólógbòó: wọ́n á yà fún un, wọn kò ní jókòó lé e. Ẹni tó bá ti wà níbi tí gbogbo ayé ti ń ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, ó mọ̀ pé àlejò lòun.

Ìjà inú yàrá náà kò le láti lóye. Agbọ̀n kálukú ni wọ́n ń wọ̀n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Torí náà, kálukú á já èyí tó tóbi, á fi kékeré sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Olú kì í dúró de ìjà. Èyí tó kéré lónìí á tóbi lọ́la, bó bá sì di ọ̀tunla, á là bí agbòòrùn, kò sí ilé ìtajà tí yóò gbà á mọ́. Rásà ní Páólò ń jí pẹpẹ òun já. Páólò ní Rásà ló ń fi wẹ́wẹ́ sílẹ̀ fún òun. Jósì ní kò sí wàhálà, nígbà tí wàhálà kún inú yàrá dé àjà.

Mo jókòó lọ́jọ́ kan nígbà ìsinmi, kálukú ń jẹ búrẹ́dì tútù ní igun tirẹ̀, ni àáró bá sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ̀yin ọmọ ìsìn-ín, ẹ lè má mọ̀ ọ́n. Tí oko bá ju agbára ẹnì kan lọ, àwọn ẹgbẹ́ á kó ara wọn jọ, wọ́n á jọ ro ti Lámídì lónìí, wọ́n á jọ ro tèmi lọ́la, títí yóò fi kárí. Kò sí ọ̀gá níbẹ̀. Ẹni tó bá gba àáró tí kò san án padà, ojú kì í jẹ́ kó lè jókòó láwùjọ mọ́.

Mo lọ bá Dẹ́kílàn pé kó máa wọn agbọ̀n gbogbo wa pọ̀, kó pín in dọ́gba, títí di Sátidé yẹn péré. Ó họ orí, ó gbà. Láti ọjọ́ kejì, a jọ ń lọ sórí pẹpẹ kan náà ni. Páólò àti Yọ̀nẹ́lì tó ga mú òkè, Jósì mú ìsàlẹ̀, èmi àti Rásà wà láàárín. Bí a bá já ti Rásà tán, ó di ti Jósì. Wẹ́wẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ já, gbogbo wa la wá ń ṣọ́ ọ, nítorí ti gbogbo wa ni. Mo dá orin oko, Páólò ń gbè é láìmọ ohun tó ń wí. Yọ̀nẹ́lì yọ ẹ̀rọ létí kan. Mo pe Ìyá Ràṣídì pé iṣẹ́ ti bọ́ sí i. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, òun ti sọ fún wọn ní mọ́ṣáláṣí, pé Ìyá Mánájà ni wọ́n ń pe òun báyìí.

Ibi tó dára dé nìyẹn kí n tó fi ẹnu ara mi bà á jẹ́.

Àáró tí kò ní ẹ̀fẹ̀ nínú, iṣẹ́ ẹ̀wọ̀n ni. Bí ẹ bá jọ ń ro oko nílé wa, tí ẹnì kan bá rẹ̀yìn, orin ni wọ́n á fi lé e: “Ìgbín ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ bá a gbé ìkarahun.” Wọ́n ti kọ ọ́ fún mi lóko Lámídì títí mo fi fi ìbínú ro dé òpin ebè, lálẹ́ a jọ jẹun nínú àwo kan náà. Ní Tọ́sìdeè, ọ̀sẹ̀ ẹrù ńlá yẹn, Rásà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn. Mo rò pé ó ti di ẹgbẹ́ mi. Mo kọ orin ìgbín fún un, mo fi òyìnbó kọ ọ́ kó lè yé e. Páólò rẹ́rìn-ín. Rásà gbé ọ̀bẹ tó fi ń gé olú sílẹ̀, ó bi mí ohun tí mo wí. Èmi aláìmọ̀kan, mo rò pé ó dùn mọ́ ọn ni, mo tún un kọ, mo sì fi ọwọ́ júwe ìkarahun náà lórí ẹ̀yìn ara mi.

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ká a, ó gbé e sórí pẹpẹ, ó jáde. Ó lọ sọ fún Dẹ́kílàn pé òun kò ní ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọkùnrin tó ń fi ara òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni Jósì tó sọ fún mi pé ẹ̀yìn ti ń dun Rásà tipẹ́, pé ó ń fi í pamọ́ kí wọ́n má baà dá a dúró. Bẹ́ẹ̀, mo ti bi Jósì lọ́jọ́ tó ṣáájú bóyá ara Rásà le. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Tátáì.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ Fúráìdeè, kálukú ti padà sórí pẹpẹ tirẹ̀. Páólò kò gbe orin mọ́. Dẹ́kílàn wọlé, ó na ọrùn wo pẹpẹ òkè níbi tí àwọn olú ti ń wú. Ó ní, “Ọ̀la ni. O mọ ohun tí a jọ sọ.” Mo wúkọ́. N kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Mo pe Ìyá Ràṣídì. Òun àti àwọn obìnrin ilé ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́, mo ń gbọ́ ariwo wọn. Ó bi mí irú orin tí mo kọ. Mo kọ ọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá dá ẹ̀rín náà dúró lójijì.

“Bàbá Ràṣídì, Lámídì tó ń kọ ọ́ fún yín, ṣebí ẹ jọ ń lúwẹ̀ẹ́ nígbà tẹ́ ẹ wà níhòòhò ni? Obìnrin yẹn, níbo ló ti mọ̀ yín? Kí lẹ ti bá a rù rí tẹ́ ẹ fi ń fi ẹrù ẹ̀yìn ẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀?”

Mo ní nẹ́tíwọọ̀kì kò dára.

“Nẹ́tíwọọ̀kì dára,” ló wí. “Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́.”

Ẹ gbọ́ bí mo ṣe bẹ̀ ẹ́. Mo bá Rásà níbi tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, ó ń kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì. Tèmi ti aṣọ iṣẹ́ funfun, mo na gbalaja sórí kankéré, àyà mi kanlẹ̀ gbì, pẹpẹ mì, apẹ̀rẹ̀ já bọ́ láti òkè. Àwọn èèyàn yìí kò rí ìdọ̀bálẹ̀ rí láyé wọn. Jósì pariwo pé Tátáì ti kú. Páólò ń wá fóònù tí yóò fi pe ọkọ̀ aláìsàn. Yọ̀nẹ́lì, tí kì í sọ̀rọ̀, gbé àpótí oògùn wá, ó yí mi padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ mí láyà bí ẹni ń po èlùbọ́. Láti orí ilẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti sọ òyìnbó tí wọn kò kọ́ mi ní módà, mo bẹ Rásà, mo bẹ ẹ̀yìn rẹ̀, mo bẹ àwọn ìyá rẹ̀ ní Lithuéníà. Ó wò mí, ó di ògiri mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ọwọ́ kan ló fi fà mí dìde. Ó ní òun á wá lọ́la.

Ó sì wá. Nígbà tí ọkọ̀ ilé ìtajà dé lọ́jọ́ Sátidé, kò sí olú kan tó là ní yàrá kẹta. Dẹ́kílàn yí gbogbo pẹpẹ ká, kò rí àléébù kankan. Ó fi mí sílẹ̀ síbẹ̀, mo sì wà níbẹ̀ títí mo fi padà wálé, àyà mi ń mí bíi ti ọmọdé. Nígbà tó yá, ó sọ gbogbo yàrá yòókù di aláàáró, ó sì fún un ní orúkọ òyìnbó kan tó gùn bí ọ̀nà Akanran. Àwọn tó de táì lọ́rùn wá bi mí bí mo ṣe ń darí èèyàn onírúurú ìlú. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí ohun tí bẹ́ẹ̀ ni kálukú túmọ̀ sí. Mo ní bí wọn kò bá tíì bá èèyàn gbé ẹrù rẹ̀, kí wọ́n má fi ẹrù náà ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bíi pé èmi ni mo sọ ọ́ kì í ṣe Ìyá Ràṣídì.

Ó ku ohun kan tí mo gbọ́dọ̀ là mọ́lẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn, irọ́ ni. Èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀, àti igbe Jósì, àti àpótí oògùn Yọ̀nẹ́lì. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́. Mo ro ó wò pé obìnrin tí mo lè bí ni, orúnkún mi kò sì tẹ̀. Mo sọ fún un pé kó má bínú, ohùn mi kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo ní láti tún un wí. Ó mi orí pé òun gbọ́. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì sọ pé òun ń bọ̀.

Ó wá ní Sátidé nítorí iṣẹ́ náà ló ń bọ́ ọ bó ṣe ń bọ́ mi. Ó bọ́ sídìí pẹpẹ rẹ̀. Mo fi iwájú sílẹ̀, mo lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń já èyí tó wà nísàlẹ̀ tí kò lè bẹ̀rẹ̀ dé, mo sì ń kó o sínú agbọ̀n rẹ̀. Jósì wá sí apá kejì. Páólò àti Yọ̀nẹ́lì gun òkè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn. Ẹnikẹ́ni kò kọrin. Ojú mi kì í ṣe bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kíkúnlẹ̀ kò sì rọrùn fún mi. Wọ́n kọjá mi. Jósì kọjá mi. Rásà náà, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn ún, já dé òpin pẹpẹ, ó yíjú padà, ó bá mi níbi tí mo ṣì wà. Ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín rárá.

“Ìyá ìyá mi yára jù ọ́ lọ, bàbá arúgbó,” ló wí, “ó sì ti kú.”

Páólò ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì ń já lọ títí dé òpin pẹpẹ bí ẹni ń ro ebè lóko Lámídì. Ìyẹn kì í ṣe irọ́.